Ìyá Mi Fẹ́ Tún Mi Mọ

Àwọn ìkòkò ló kọ́kọ́ kí mi. Mo wà nínú àgbàlá wa níbi tí a ti ń mọ ìkòkò. Àárọ̀ ni. Oòrùn ti yọ ṣùgbọ́n kò tíì gòkè, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń sinmi. Gbogbo ìkòkò tí mo ti mọ láti kékeré títí di ọdún yìí ló wà níbẹ̀. Ìkòkò omi wà níbẹ̀, ìṣaasùn ọbẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ti fọ́ pàápàá ti padà wá pẹ̀lú ara pípé. Ọ̀kan kékeré wà láàárín wọn tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí mo mọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Wọ́n ní, "Màámi, ẹ káàárọ̀." Wọn kò béèrè ilé, wọn kò béèrè ọ̀nà, wọn kò béèrè bí adìẹ ṣe jí. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Ó parí síbẹ̀. Kíkí tó mọ níwọ̀n ni. Inú mi dùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Eyín mẹ́ta tó ti yọ lẹ́nu mi kò padà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti di ẹsẹ̀ ọmọge. Níbi tiwa, a kì í yí ìkòkò. Ìkòkò á dúró sójú kan, ẹni tó ń mọ ọ́n ni yóò bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa yí i ká, tí yóò máa rìn sẹ́yìn sẹ́yìn, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan níta. Òòyì máa ń kọ́ àwọn mìíràn. Kò kọ́ mi rí. Kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni ni mo ti ń yí po. Mo máa ń yí igi àgbálùmọ̀ ká, mo máa ń yí kànga ká, mo máa ń yí ìyá mi ká níbi tó bá ti ń gúnyán, títí yóò fi ju ọmọ odó sílẹ̀ tí yóò ní, "Àwẹ̀ró, o fẹ́ ká mi mọ́ ilẹ̀ ni?" Orin tí mo ń kọ nígbà náà ni mo ń kọ lójú àlá:

Amọ̀ odò, dúró kí n yí ọ ká,
Dúró kí n yí ọ ká o,
Ẹni tó ń yí po kò sọnù,
Ilé ló ń lọ, ilé ló ń bọ̀.

Ìkòkò tó wà níwájú mi ń gbè é. Kò tíì ní ẹnu, ṣùgbọ́n ó ń gbè é.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Àgbàlá wa kò ní ilẹ̀kùn, àmọ́ ó kan án, ó sì dúró títí mo fi ní kó wọlé. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, aṣọ rẹ̀ mọ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ síta, ó tò ó kí imú méjèèjì dọ́gba. Ó ní ọ́tísíìmù ni orúkọ òun.

Mo ti gbọ́ orúkọ náà rí. Ọmọ mi Fadékẹ́mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ló bá mi sọ ọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí mo ti lé láàádọ́rin ọdún. Ó ní, "Màámi, àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àìsàn. Etí wọn máa ń gbọ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ojú èèyàn máa ń wúwo fún wọn láti wò. Wọn kì í fẹ́ kí ètò ọjọ́ yí padà lójijì. Bí wọ́n bá sì fẹ́ràn nǹkan kan, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀ wọ mùdùnmúdùn egungun." Mo ní, "Ta ló lọ fi ẹjọ́ mi sun ìjọba?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

N kò mọ̀ pé orúkọ náà ní ẹsẹ̀ tó lè fi rìn wá. Kò wojú mi. Ọwọ́ mi ló ń wò, èmi náà ń wo ọwọ́ tirẹ̀, ara sì tu àwa méjèèjì. Ó ní, "Ó pẹ́ tí mo ti ń wá yín kiri. Mo dé ilé yìí nígbà tí ẹ wà ní kékeré, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Mo ní kó jókòó, kó ṣáà má jókòó lé èyí tí kò tíì gbẹ. Ó jókòó lórí òkúta. Ó mú ṣùkù àgbàdo kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ha ara ìkòkò fún mi, ó ń ha á dáadáa, bí ẹni tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ láti ọdún gbọọrọ.

Nígbà náà ni ìyá mi wọlé. Ẹfúnyẹmí ni orúkọ ìyá mi, ó ti kú láti ọdún tí iná mànàmáná dé àdúgbò wa. Ó ró aṣọ iṣẹ́, ó ru agbada amọ̀ tútù, omi amọ̀ náà ń ṣàn sí i létí, kò sì nù ún. Ìyá Ìlódò tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìyá Ìlódò ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Òun náà ti kú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kú.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá Ìlódò ní, "Ẹ wá wò ó! Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ló tún ń kí. Àwẹ̀ró, òkè níbí ni ojú mi wà o, kò tíì sọ̀ kalẹ̀." Ó bú orin tó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ mi láyé:

Àwẹ̀ró ò wojú èèyàn,
Ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Láyé, ẹkún ni mo máa ń sun bó bá kọ ọ́. Lójú àlá, mo fi ohùn orin kan náà dá a lóhùn pé ilẹ̀ ni mo wò tí mo fi rí amọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń wojú ara yín, kí lẹ rí níbẹ̀? Àwọn ìkòkò pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ ọwọ́ tí wọ́n fi pa á.

Ìyá mi sọ agbada náà kalẹ̀. Ó ní, "Àwẹ̀ró ọmọ mi, mo wá tún ọ mọ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní òun wá gba iyọ̀. Ó ní kò yẹ kí ẹni tó ń mọ ìkòkò bá èèyàn jà kó tó ṣe ẹnu ìkòkò tán, nítorí ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n, ìkòkò náà á sì sán níbi tí ojú kò lè rí. Nígbà tí òun lóyún mi, òun àti Ìyá Ìlódò jà lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Láti ìgbà náà ni òun ti mọ̀ pé mo sán. Ibi tí mo sán ni ariwo ń gbà wọ inú mi. Ó ní òun ti ń rò ó níbi tí òun wà, kò jẹ́ kí òun sinmi. Òun wá bẹ àwọn ará ọ̀run. Wọ́n fún òun ní àárọ̀ kan péré. Kí oòrùn tó kúrò nílẹ̀ kó gun orí ògiri, òun gbọ́dọ̀ ti rẹ mí, kí òun ti pò mí, kí òun ti tún mi mọ.

Ó ní, "N ó ṣe ẹnu tó lè kí èèyàn kó gùn. N ó ṣe ojú tó lè wojú. N ó ṣe etí tí kò ní lé ọ kúrò níbi ìgbéyàwó ọmọ tí o bí."

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yẹn dùn mí. Ọjọ́ tí Fadékẹ́mi ṣe ìgbéyàwó, nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ orin, ṣe ni mo sá wọ ilé ìdáná. Mo gbá ìkòkò omi mọ́ra, mo ti orí mi bọ ẹnu rẹ̀, nítorí inú ìkòkò máa ń parọ́rọ́. Ó pẹ́ kí Fadékẹ́mi tó wá mi kàn. Ó fi aṣọ funfun ìyàwó jókòó sórí ilẹ̀ eléèédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé ìkòkò náà. Aṣọ náà kò mọ́ mọ́ títí di òní.

Ìyá mi rí ọkùnrin tó jókòó lórí òkúta. Ó ní, "Ta lèyí?"

Mo ní, "Àlejò mi ni. Orúkọ mi kan ni."

"Àwẹ̀ró ni mo máa ń kì ọ́."

Ọkùnrin náà dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja. Ó ní, "N kò wá gba ipò Àwẹ̀ró, Màmá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni n ó máa dúró sí." Ó tún jókòó, ó ń ha ìkòkò rẹ̀ lọ.

Mo bi ìyá mi pé ọwọ́ mi ńkọ́, ṣé ó máa ṣẹ́kù. Ó ní òun á mọ ọwọ́ mìíràn. Mo ní ṣé ọwọ́ náà á mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹnu ìkòkò. Ó ní ó máa mọ bí wọ́n ṣe ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Mo ní orin mi ńkọ́. Ìyá mi wo inú agbada títí. Ó ní, "Kò sí orin nínú amọ̀ yìí. Bó bá wọlé fúnra rẹ̀, á wọlé."

N kò fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, n kò fẹ́ ẹ rárá. Mo ronú gbogbo ilé ìdáná tí ìkòkò mi wà, bí ọbẹ̀ ṣe ń hó nínú wọn láàárọ̀. Mo ronú àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà tí mo kọ́ níṣẹ́, tí wọ́n ń fi orin mi yí ìkòkò tiwọn ká láìmọ̀ pé orin mi ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti ru amọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, omi rẹ̀ ṣì ń kán sí i léjìká. Mi ò mọ bí ọmọ ṣe ń sọ fún ìyá tó ti ọ̀run bọ̀ pé kó gbé ẹrù rẹ̀ padà. Mo tú gèlè mi. Mo wọ inú kòtò tí a ti ń rẹ amọ̀.

Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kòtò náà ti fẹ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ó ti fẹ̀ bí odò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ yàrá tí mo gbé pẹ̀lú ọkọ mi. Ọkọ mi, Adégòróyè, wà níbẹ̀, ó ń bó ọsàn. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti kú. Láyé, kì í bá mi lójijì. Ó máa ń fi ìka kan òpó ilé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó wọlé kí àyà mi má bàa já. Ó fi ìka kan omi náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó na ọsàn sí mi, ó ní, "Èyí kò kan." Mo jẹ ẹ́. Kò kan lóòótọ́. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, ó kàn ń bó òmíràn, bí ẹni pé a ṣì ní ọjọ́ púpọ̀.

Ìyá Ìlódò ti ọwọ́ bọ omi, ó tẹ èjìká mi bí a ṣe ń tẹ amọ̀ wò. Ó ní, "Ó ṣì le." Ìyá mi da omi sí i. Ìyá Ìlódò tún tẹ̀ mí. "Ó ṣì le." Oòrùn ti dìde lórí ìdí rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ kan di ògiri mú. Ìyá Ìlódò pariwo pé, "Da omi sí i, Ẹfúnyẹmí! Olórí kunkun ni, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti kékeré!" Ìyá mi ń pọn omi, ó ń dà á, ó ń pọn ọ́n, ó ń dà á. Mo ń kọrin nínú omi kí ẹ̀rù má bàa bà á.

Ìkòkò kékeré tí ẹnu rẹ̀ wọ́ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo àgbàlá ń mì. Ìkòkò kékeré náà ní, "Màmá àgbà, ìkòkò tó ti jóná lẹ̀ ń rẹ!"

Kò sí ọmọdé kan ní agbo ilé wa tí kò mọ èyí. Ìkòkò tí kò tíì rí iná, bí o bá sọ ọ́ sómi, kò ní pẹ́ tí yóò fi yọ́ padà di amọ̀. Èyí tó bá ti jóná, fi sínú odò kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ hu ewú, ìkòkò ni. Bí o bá fọ́ ọ, àpáàdì ni yóò dà, kò ní di amọ̀ mọ́ láéláé. Ìyá mi fi ọgọ́ta ọdún mọ ìkòkò. Ó dúró, ó mú igbá omi lọ́wọ́.

Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Láyé, ọwọ́ ni ìyá mi fi máa ń bo ẹnu bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yìí kò bo nǹkan kan. Ó rí i pé mo ń wò ó, ó ní, "Ta ló sun ọ́? Èmi kò sun ọ́."

Mo ní, "Èmi ni mo sun ara mi, Màámi. Ẹ lọ ọjà lọ́jọ́ náà."

Ọjọ́ tí mò ń wí ni ọjọ́ tí ìyá mi ní òun kò lè mú mi lọ sọ́jà mọ́ nítorí igbe tí mo máa ń ké níbẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀ nínú àgbàlá pẹ̀lú amọ̀ tó ṣẹ́kù. Ó rò pé ìyà ló fi jẹ mí. Kò sí ẹni tó pè mí, kò sí ẹni tó ní kí n wojú òun, kò sí ẹni tó ní kí n yé yí po. Mo yí po láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tó dé, mo ti mọ ìkòkò kan tí ẹnu rẹ̀ wọ́, mo sì ti di ẹni tí mo jẹ́.

Ìyá Ìlódò ní, "Ó sun ara rẹ̀ láìgba àṣẹ àgbà!"

Ìyá mi yíjú sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́ ná."

Kò sọ irú rẹ̀ rí láyé. Ìyàwó ilé ni. Ìyá Ìlódò dákẹ́, ó di àpótí ìjókòó, àpótí tó lẹ́wà ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin. Ìyá mi fà á súnmọ́ra, ó jókòó lé e.

Ó nawọ́ sí mi, mo jáde nínú omi. Ó ní, "Àwẹ̀ró, bí ìkòkò bá kúrò nínú iná tó sì tutù, kí là ń ṣe sí i?"

Mo ní, "A ó kàn án wò, Màámi, ká gbọ́ bóyá ó sán."

Iṣẹ́ mi nìyẹn ní àdúgbò wa. Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń gbé ìkòkò wá kí n bá wọn kàn án, nítorí mo máa ń gbọ́ ibi tó sán tí ojú kò rí. Etí tó lé mi wọ ilé ìdáná lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà ni. Èmi ò ní méjì.

Ìyá mi ká ìka rẹ̀, ó fi kàn mí láyà. Mo dún. Ohùn náà mọ́, ó gùn, ó lọ kan ògiri, oòrùn yẹra fún un, ó sì padà wá. Ìyá mi kàn mí léjìká, mo dún bẹ́ẹ̀. Ó kàn mí lẹ́yìn, ó kàn mí níwájú orí. Ó ń fi etí sí i bí mo ṣe máa ń ṣe é gan-an.

Ó ní, "Kò sán." Ó tún sọ ọ́, ó rọra sọ ọ́. "Kò sán níbì kankan. Ọdún mélòó ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi dí i?"

Mo mọ̀ pé ojú ń tì í. Mo ní amọ̀ tó rù wá kò ní ṣòfò, amọ̀ dáadáa ni, n ó fi mọ nǹkan. Ó mi orí. Ọkùnrin tó ń jẹ́ ọ́tísíìmù ti ha ìkòkò rẹ̀ tán, ó gbé e fún ìyá mi pé kó bá òun wò ó. Ìyá mi fi ọwọ́ pa á, ó ní ó dán. Àwọn méjèèjì kò wojú ara wọn.

Oòrùn ti gbé ẹsẹ̀ kan lé orí ògiri. Ìyá mi tún ìró rẹ̀ ró. Mo rò pé ó fẹ́ máa lọ. Kò lọ. Ó na àyà rẹ̀ sí mi, ó ní, "Kàn mí wò. Ẹnikẹ́ni kò kàn mí wò rí."

Mo ká ìka mi. Mo ní, "Màámi, ẹ mí sínú." Ó mí sínú. Mo rọra kàn án, ó sì dún gẹ́lẹ́ bí mo ṣe dún. N kò gbàgbọ́. Mo súnmọ́ ọn, mo gbé etí mi lé e láyà.

Ọmọdébìnrin kan tó ní ojú ìyá mi wà nínú ibẹ̀, ó lóṣòó sílẹ̀, ó ń ka èèrà. Ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbádùn rẹ̀, kò kánjú. Ó gbọ́ mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pè mí. Mi ò tíì kà á tán."